Ẹ Fi Àwọn Méjì Yẹn Sílẹ̀ Nílé

Ọmọ mi ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Orí pápá eléruku ni èmi dàgbà sí, ẹsẹ̀ ni mo sì mọ̀ pé wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ọmọ náà wọ ilé ìwé girama níbí tó ní òun fẹ́ wọ ikọ̀ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó sórí àga onírin lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òtútù á máa mú mi, èmi á máa wo àwọn ọmọ tó dé akoto tí wọ́n ń kan ara wọn bí àgbò. Bọ́ọ̀lù wọn gùn gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Eré kò ní tíì pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí wọ́n á fi fọn fèrè, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á tún tò.

Ó gbà mí ní ọdún kan gbáko kí n tó rídìí rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ọmọ mi sọ fún mi nínú mọ́tò pé, "Dádì, ilẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí." Ìgbà yẹn ló yé mi. Ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti fi gba yáàdì 10 lọ́wọ́ ọ̀tá. Bí wọ́n bá gbà á, wọ́n tún ní ìgbà mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá gbà á, ó di ti ẹlòmíràn. Bí ènìyàn bá wá gbé bọ́ọ̀lù dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ ọ̀tá, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní touchdown. Àwọn kan sì wà létí pápá tí wọ́n ń gbé ẹ̀wọ̀n irin kiri, gígùn rẹ̀ kò lé kò dín ní yáàdì 10. Bí àríyànjiyàn bá dé, wọ́n á gbé ẹ̀wọ̀n náà wọlé, wọ́n á nà án sílẹ̀, gbogbo pápá á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nínú gbogbo eré náà, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo Yunifásítì San Francisco. Àwọn àlùfáà Jesuit ló ni ín, orí òkè ló wà, ilé ìṣọ́ méjì tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni ènìyàn ń kọ́kọ́ rí láti òkèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń mú wa kiri. Nígbà tí a dé iwájú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ó ní Burl A. Toler ni wọ́n ń pe ilé náà báyìí, pé títí di 2017, James Phelan ni ó ń jẹ́. Phelan ti ṣe olórí ìlú San Francisco rí, ó sì ti ṣe sẹ́nétọ̀, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n polongo ìbò ní 1920 pé kí California jẹ́ ti aláwọ̀ funfun. Mo bi ọmọ náà pé, ta wá ni Toler? Ó ní agbábọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Mo wò yí ká, mi ò rí pápá kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé ẹ ní ikọ̀ níbí ni? Ó ní rárá o, a ti ní rí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn ò pàdánù ìfigagbága kankan ní sáà kan, ìyẹn gan-an sì ni sáà tí wọ́n pa ikọ̀ náà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí mo bá rí nípa wọn.

Sáà 1951 ni. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sì kún fún ọkùnrin tó ti rí ikú sójú. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1944, tí wọ́n ń pè ní G.I. Bill, ló ń san owó ilé ìwé fún àwọn tó ti ojú ogun dé, nítorí náà ẹni tó bá yẹ kó máa ṣiṣẹ́ epo tàbí kó máa dí ọtí nínú ilé ọtí bàbá rẹ̀ rí ara rẹ̀ ní kíláàsì. Ọ̀kan nínú wọn ni Gino Marchetti. Ọmọ àwọn ará Ítálì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni, kò ju ọmọdé lọ nígbà tó jà nínú yìnyín ní ogun tí wọ́n ń pè ní Battle of the Bulge. Bí ẹni báyìí bá wọ pápá, kí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ fi dẹ́rù bà á?

Joe Kuharich ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ọkùnrin líle. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ó kó wọn lọ sí Corning, ìlú kékeré kan ní àríwá California tí oòrùn rẹ̀ ń ta bí iná, ó sì fi ìdárayá pọ́n wọn lójú níbẹ̀. Bob St. Clair wà láàárín wọn, ọmọkùnrin tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́sàn-án, tó máa ń jẹ ẹran tútù láìsè é. Ed Brown ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń kọ̀wé sí àwọn oníròyìn nípa wọn, tó ń bẹ àwọn akọ̀wé ìwé ìròyìn ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà pé kí wọ́n ṣáà wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pete Rozelle. Ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn.

Dons ni orúkọ ikọ̀ náà. Aláwọ̀ dúdú méjì ló sì wà nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni Ollie Matson, tí wọ́n bí ní Trinity ní Texas ní 1930. Ó ga, ó taagun, síbẹ̀ eré ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó máa sáré ní Òlíńpíìkì, ó sì padà sá a lóòótọ́. Èkejì ni Burl Toler, ọmọ Memphis ní Tennessee, ọdún méjì ló fi ju Matson lọ. Iṣẹ́ Toler ni láti dá ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ dúró, kó sì gbé e ṣánlẹ̀. Ilé ìwé kan náà, City College of San Francisco, ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù pọ̀, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Kuharich. Àwọn tó bá wọn gbá a sọ pé bí Matson ṣe lókìkí tó, Toler ni àwọn bẹ̀rù jù ní ìdárayá.

Kí n sọ bí ayé bọ́ọ̀lù ṣe rí ní ọdún yẹn gan-an, kí ohun tó ń bọ̀ lè yé wa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 1951, Yunifásítì Drake láti Iowa lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Stillwater ní Oklahoma. Aláwọ̀ dúdú ni ìràwọ̀ wọn, Johnny Bright. Eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn alátakò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a lójú nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá, tí kò tilẹ̀ wo ibi tí wọ́n wà. Wọ́n fọ́ ọ lágbọ̀n. Àwọn ayàwòrán méjì láti ìwé ìròyìn Des Moines Register ya gbogbo rẹ̀, àwòrán lé àwòrán, ayé sì rí i. Àwọn àwòrán náà gba àmì-ẹ̀yẹ Pulitzer ní ọdún kejì. Kò sí ẹni tó jẹ ìyà kankan lórí rẹ̀. Ọdún 2005 ni yunifásítì tó gbà wọ́n lálejò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé tọrọ àforíjì, Bright sì ti kú láti 1983. Sáà yìí kan náà ni àwọn Dons ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn.

San Jose State ni wọ́n kọ́kọ́ nà, 39 sí 2. Wọ́n na Idaho. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí New York, wọ́n bá Fordham figẹ̀ wọngẹ̀ ní Randall's Island. Ìyẹn nìkan ló sún mọ́ra, 32 sí 26, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni Matson gba bọ́ọ̀lù tí Fordham gbá wá, tó gbé e sáré láti òpin pápá dé òpin kejì láìdúró. Mo ti gbìyànjú láti fojú inú wo àwọn akọ̀wé New York lọ́jọ́ náà, àwọn tí Rozelle ti ń kọ̀wé sí láìsinmi. Nígbà tí sáà parí, Matson ti gbé bọ́ọ̀lù sáré ní yáàdì 1,566 nínú ìfigagbága 9, kò sí ẹni tó sáré tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Touchdown 21. Dick Kazmaier ti Princeton ni wọ́n fún ní Heisman, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ.

Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n lọ sí Stockton lọ bá ikọ̀ Pacific. Pacific dára, wọ́n ti kọ́ pápá tuntun ńlá, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé ẹni tó bá borí nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n á pè sí ìdíje ọjọ́ ọdún tuntun. Àwọn ìdíje náà ni wọ́n ń pè ní Bowl. Nígbà náà, kò sí àṣekágbá kan tí gbogbo yunifásítì máa kópa nínú rẹ̀. Àwọn ìlú kan ní gúúsù tí otútù kì í mú ló ń ṣètò Bowl tiwọn, àwọn ìgbìmọ̀ wọn á jókòó, wọ́n á mú ikọ̀ tó bá wù wọ́n. Orange Bowl wà ní Miami, Sugar Bowl wà ní New Orleans, Gator Bowl wà ní Jacksonville. Ìkésíni lásán ni, àmọ́ owó ńlá wà nínú rẹ̀. Àwọn Dons sì nílò owó. Gbèsè tó tó 70,000 dọ́là ló ń lé ikọ̀ náà kiri. Ikọ̀ 49ers tó jẹ́ ti àwọn tó ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù ti dé San Francisco láti 1946, àwọn ará ìlú ti yíjú sí wọn, Saint Mary's tó wà nítòsí sì ti pa ikọ̀ tirẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn sáà 1950.

47 sí 14 ni wọ́n na Pacific. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sí Pasadena, sínú pápá ìṣeré Rose Bowl, wọ́n na Loyola 20 sí 2. Ìfigagbága mẹ́sàn-án, ìborí mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ tó wá dé bá wọn kò gùn. Ẹ lè wá, àmọ́ ẹ fi àwọn méjì yẹn sílẹ̀ nílé.

Kuharich ló bá àwọn ọmọ náà sọ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ọ́ títí wọ́n fi darúgbó pé kò sí ìdìbò, kò sí ìpàdé, pé kò tilẹ̀ sí ohun tí ènìyàn lè pè ní ìjíròrò. Wọ́n ní rárá. Ó tán síbẹ̀. Kò sí Orange, kò sí Sugar, kò sí Gator. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1952, Georgia Tech na Baylor ní Miami, Maryland na Tennessee ní New Orleans, Miami na Clemson ní Jacksonville, àwọn Dons sì wà nílé.

Mo ti ka ìtàn yìí tó ìgbà mélòó kan tí mo bá ti dé ibi "rárá" yẹn tí mo sì máa ń pa ìwé dé. Ìdí nìyí.

Èmi ni kápútẹ́nì ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé ìwé wa ní apá Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tó dára jù nínú wa ni ẹni tó ń wọ nọ́ńbà 7. Sẹ́fùn ni gbogbo wa ń pè é, àwọn tíṣà pàápàá. Ará Ẹ̀bìrà ni bàbá rẹ̀, oko kòkó ni wọ́n mú un wá. Ìlú wa ni wọ́n bí Sẹ́fùn sí, Ìjẹ̀ṣà ẹnu rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. A borí títí, ó ku kí a lọ ṣojú ìpínlẹ̀ wa. Ni ìwé bá dé pé ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ nìkan ni kí wọ́n kó wá. Tíṣà eré ìdárayá kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ka orúkọ, kò ka ti Sẹ́fùn. Ó ní ká má bínú, òfin ni. Ó ní, "Kápútẹ́nì, ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Mo rántí àwọn èèrà tó ń gun orí èso máńgòrò kan tó ti rà, mo rántí iye ìgbà tí mo gbé itọ́ mì. Mo ní, "Rárá, sà." Rárá tèmi nìyẹn.

Sẹ́fùn ló fọhùn. Kò sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ó bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó nà án sí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nítorí pé bàtà onítọ̀hún ti lanu. Ó rọra fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé. A lọ sí ìdíje náà. A ṣe ipò kẹta, wọ́n ya wá ní fọ́tò, fọ́tò náà wà nílé ìyá mi títí di òní, bàtà Sẹ́fùn sì wà nínú rẹ̀.

Mo pàdé rẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí mo wálé lọ́dún kan. Ó ń ta páàtì mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún epo, ó fi apá kó mi mọ́ra kí epo má bàa yí mi láṣọ. Ó bèèrè ìyàwó, ó bèèrè ọmọ, ó ṣàdúrà fún wọn ní orúkọ. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Èmi náà kò dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn àwọn Dons bí ẹni pé àwọn òyìnbó kan ló gba àwọn aláwọ̀ dúdú méjì là, ó máa ń bí mi nínú. Wọn kò gba ẹnikẹ́ni là. Matson kò lọ sí Miami, Toler kò lọ. Ohun tí àwọn yòókù ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí ìyà náà jẹ́ ti ẹni méjì péré. Wọ́n pín in. Gbogbo ikọ̀ ló gbé e lọ sílé lọ́jọ́ náà, Marchetti gbé tirẹ̀, St. Clair gbé tirẹ̀, ẹni tí kì í tilẹ̀ wọlé láti orí bẹ́ǹṣì gbé tirẹ̀. Sẹ́fùn nìkan ló gbé tiwa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun méjèèjì yìí ni mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn.

Mo sì ń ronú nípa àwọn méjì náà ju àwọn yòókù lọ. Ó dùn kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ dúró tì ọ́. Àmọ́ báwo ló ṣe máa ń rí láti jẹ́ ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ kọ oúnjẹ, kí ìwọ náà jókòó nídìí tábìlì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, kí o máa wo ojú wọn? Kò sí ẹni tó dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé bí àwọn kò bá sí níbẹ̀, owó ti wọlé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan, pé àwọn tí Dons nà kò lágbára. Mo ti gbé èyí náà yẹ̀wò, ó sì yẹ kí ènìyàn gbé e yẹ̀wò. Lóòótọ́, wọ́n bá ikọ̀ àwọn ọmọ ogun figagbága, Camp Pendleton àti àwọn ọmọ ogun ojú omi San Diego. Ipò 14 ni àwọn oníròyìn ilé iṣẹ́ ìròyìn AP fi wọ́n sí nígbà tí sáà parí. Àmọ́ Pacific tí wọ́n nà 47 sí 14 rí ìkésíni gbà, wọ́n lọ sí Sun Bowl ní El Paso ní Texas ní ọjọ́ kìíní ọdún náà. Aláwọ̀ dúdú kan, Eddie Macon, sì wà nínú ikọ̀ Pacific. Sun Bowl yìí kan náà ni Lafayette, kọ́lẹ́jì kan ní Pennsylvania, kọ ìkésíni rẹ̀ ní 1948 nítorí pé wọn ò ní jẹ́ kí David Showell, agbábọ́ọ̀lù wọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ pápá. Láàárín ọdún mẹ́ta, ilẹ̀kùn El Paso ti ṣí. Àwọn tó wà níbi tí owó wà kò tíì ṣí tiwọn. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mí sí i: kì í ṣe pé ayé ìgbà yẹn kò mọ ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn ti ń tọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn sáà náà, yunifásítì kéde pé àwọn ti pa ikọ̀ náà rẹ́. Kò sí owó. Wọ́n gbìyànjú láti jí i dìde ní ìwọ̀n kékeré lẹ́yìn náà, kò tọ́jọ́. Ó ṣẹ́ ku sáà kan fún St. Clair tí yóò fi gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì, ó ní láti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Tulsa ní Oklahoma. Kuharich gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Chicago Cardinals, ikọ̀ àwọn tó ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù túká.

Ibi tí wọ́n sì túká sí yà mí lẹ́nu. Matson lọ sí Òlíńpíìkì ní Helsinki ní 1952, ó gba idẹ nínú eré mítà 400 àti fàdákà nínú ti ẹlẹ́ni mẹ́rin, ó padà wá di ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré jù ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ní 1959, ẹni mẹ́sàn-án ni Los Angeles Rams kó kalẹ̀ láti fi gba òun nìkan ṣoṣo. Marchetti di òpómúléró Baltimore Colts. Ní 1972, àwọn méjèèjì wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù náà, pọ̀ lọ́dún kan náà. St. Clair wọ ọ́ ní 1990. Rozelle, ọmọ tó ń kọ̀wé kiri, di ọ̀gá pátápátá NFL láti 1960 títí di 1989. Yunifásítì kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí owó wọ ọkọ̀ lọ sí New York!

Nígbà tí Matson dàgbà, ìrántí rẹ̀ sá lọ. Nígbà tó kú ní 2011, àwọn dókítà rí i pé ìkọlù orí ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Mo ka èyí ní alẹ́ kan tí ọmọ mi wọlé láti ìdárayá tó ní orí ń fọ́ òun. Mi ò mọ bí mo ṣe lè gbádùn eré kan kí n sì máa bẹ̀rù rẹ̀ tó báyìí. Ó fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọdún tó kẹ́yìn níléèwé, mo dúpẹ́, mi ò sọ fún un pé mo dúpẹ́.

Toler ni kò gbá bọ́ọ̀lù ní NFL rárá. Cleveland Browns, ọ̀kan nínú àwọn ikọ̀ NFL, ti mú un. Àmọ́ nínú ìfigagbága kan ní Chicago ní 1952, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ìràwọ̀ yunifásítì jọ láti bá àwọn tó ń gbowó gbá bọ́ọ̀lù figagbága, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́. Ó tán. Ó padà sí San Francisco, ó di tíṣà, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé girama ní ìlú náà. Àwọn ọmọ tó kọ́ kò mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti orúnkún, orí tẹlifíṣọ̀n ni wọn ì bá ti máa wò ó. Ní ọjọ́ ìsinmi, ó ń ṣe rẹfirí fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí di 1965 tí NFL, lábẹ́ Rozelle, gbà á síṣẹ́. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó ti ṣe rẹfirí rí nínú àwọn líìgì ńlá Amẹ́ríkà, ní bọ́ọ̀lù tàbí ní eré ìdárayá mìíràn. Ọdún 25 ló fi ṣe é.

Ní 2006, yunifásítì náà pe àwọn tó ṣì wà láàyè nínú ikọ̀ 1951, wọ́n fún wọn ní oyè dókítà ìyẹ́sí. Mo rí àwòrán àwọn bàbá arúgbó tó wọ aṣọ oyè. Ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni Toler kú. Marchetti tẹ̀ lé àwọn yòókù ní 2019.

Ní àsìkò Kérésì tó kọjá, èmi àti ọmọ mi jọ wo fídíò àtijọ́ kan. Ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1980 ni, Super Bowl XIV, ìyẹn àṣekágbá NFL, Pittsburgh Steelers àti Los Angeles Rams. Ìlú Pasadena ni, inú Rose Bowl, pápá kan náà tí àwọn Dons ti gbá ìfigagbága wọn tó kẹ́yìn. Àwọn tó wá wòran jẹ́ 103,985. Ọmọ mi ń wo àwọn agbábọ́ọ̀lù. Èmi ń wá ẹnì kan. Àwọn rẹfirí pọ̀ nínú aṣọ onílà dúdú àti funfun, Toler ló sì ń ṣe head linesman, ẹni tó ń darí àwọn tó ń gbé ẹ̀wọ̀n. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n wọn ilẹ̀, mo máa ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Dádì, èwo ni?" ni ọmọ mi bi mí.

Mo fi ìka kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà ti wọlé láti etí pápá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n máa na ẹ̀wọ̀n náà dé, àwọn ọkùnrin ńláńlá náà sì sún sẹ́yìn fún un.